Bí Wọ́n Ṣe Lù Mí ní Apá Kẹrin

Èmi ni ọkùnrin tó ń fò. Nígbà tí síídì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gba ipò lọ́wọ́ kásẹ́ẹ̀tì, kò sí ilé tí wọ́n ti ní tẹlifíṣọ̀n ní Ibafo tàbí Mowe tí ẹ ò ní bá mi níbẹ̀, kọ́tìnì pupa lẹ́yìn mi, ìbọ̀sẹ̀ obìnrin dúdú lójú mi. Nínú fíìmù, kò sẹ́ni tó mọ ẹni tí mo jẹ́. Ní Mowe, kò sẹ́ni tí kò mọ̀ mí, títí kan àwọn tí mò ń sá fún.

Ọkùnrin kan tó ń ta páànù ní Ifo ló dá fíìmù náà sílẹ̀. Ó ti wo àwọn fíìmù òyìnbó alápá púpọ̀ tí èèyàn ń fò nínú wọn, ó sì bi wá pé ṣé òyìnbó nìkan ló ni òkè ni. Ojú ọ̀run tẹ́yẹ fò láì fara kanra. Bá a ṣe ń fò ni pé màá dojú bolẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì nínú ọgbà ilé rẹ̀, wọ́n á gbé fáànù síwájú mi, jẹnẹrétọ̀ á máa ké, màá sì na ọwọ́ méjèèjì. Ẹni tó ń gé fíìmù pọ̀ ló máa fi kọ̀ǹpútà yọ bẹ́ǹṣì kúrò. Ní apá kìíní, ó gbàgbé ẹsẹ̀ bẹ́ǹṣì kan. Ó rọ̀ sábẹ́ ikùn mi kedere bí mo ṣe ń fò kọjá lókè Ifo. A rò pé a ti tẹ́. Àwọn èèyàn sọ pé inú ẹsẹ̀ bẹ́ǹṣì yẹn ni agbára mi wà. Ní apá kejì, ọ̀gá wa onípáànù ní kí wọ́n fi ẹsẹ̀ bẹ́ǹṣì sílẹ̀, torí àwọn oníbàárà ti ń béèrè rẹ̀.

Kò pẹ́ tí fíìmù náà fi bọ́ lọ́wọ́ wa. Àwọn ọmọdé Magboro ń so ìró ìyá wọn mọ́ ọrùn, wọ́n ń bẹ́ láti orí fẹ́ǹsì. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá kán, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á ní kò lẹ́sẹ̀ bẹ́ǹṣì ni. Ọ̀gá ilé ìwé kan ní Ibafo ránṣẹ́ pè mí pé kí n wá sọ fún àwọn ọmọ pé mi ò lè fò. Mo wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, mo dúró níwájú wọn láàárọ̀, mo ní mi ò lè fò. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Wọ́n mọ̀ pé bí akọni ṣe ń fara pa mọ́ nìyẹn.

Lẹ́yìn apá kẹta ni ọ̀rọ̀ ilé ìyá mi ṣẹlẹ̀. Opó ni wọ́n. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi háyà yàrá kan ní Èkó kí wọ́n tó ra ààbọ̀ pílọ́ọ̀tì ní Mowe, tí wọ́n ń to búlọ́ọ̀kù díẹ̀díẹ̀ títí ilé fi gba páànù. Yàrá kan ṣoṣo ló nílẹ̀kùn. Ibẹ̀ ni wọ́n kó lọ, inú wọn sì dùn. Ní Sátidé kan, àwọn ọmọ onílẹ̀ dé, wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ sára ògiri pé àwọn máa wó o. Wọ́n ní àwọn tó ta ilẹ̀ náà kọ́ ló ni ín, Sátidé tó ń bọ̀ làwọn máa padà. Nígbà tí mo dé, ìyá mi jókòó sórí búlọ́ọ̀kù, wọn ò sunkún, wọ́n kàn ń fi èékánná ha ọ̀dà náà. Ẹ̀rù bà mí gan-an.

Ẹgbẹ́ àwọn onílé àdúgbò ṣèpàdé. Wọ́n gbàdúrà, wọ́n rò ó síwá sẹ́yìn, wọ́n sì pinnu láti rán ọkùnrin tó ń fò. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹnì kan béèrè bóyá kọ́tìnì náà mọ́. Mo ṣàlàyé pé orí bẹ́ǹṣì ni mo máa ń dùbúlẹ̀ sí. Alága ní àwọn mọ̀, àmọ́ ṣé ọ̀gá àwọn ọmọ onílẹ̀ mọ̀?

A máa ń gbúròó ọ̀gá yìí, a kì í rójú rẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì kan ní Asese ni wọ́n ní ó máa ń wà. Mo bá a lórí táyà, ó ń jẹ àgbàdo sísun. Ó tó ẹni àádọ́ta ọdún. Mo dọ̀bálẹ̀, kọ́tìnì wà nínú ọ̀rá lọ́wọ́ mi. Kò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀. Ó ti wo apá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó sì lẹ́jọ́: àwọn tí mò ń bá jà tètè máa ń kú, kò sí ọkùnrin gidi kankan nínú wọn. Ó ní òun fẹ́ wà nínú apá kẹrin. Mo ní ìyẹn ò le. Ó ní òun á bá mi jà, òun á sì borí. Mo ṣàlàyé pé akọni kì í ṣubú, pé bó bá ṣubú, fíìmù ti parí nìyẹn. Ó jẹ àgbàdo rẹ̀ tán kó tó bi mí ta ló nilé táwọn ọmọ òun kùn. Mo ní ìyá mi ni.

“Ó dáa,” ó ní. “Ilé ìyá ẹ ò ní wó. Ìwọ lo máa wó.”

Ó fi kún un pé bí ẹnikẹ́ni bá gbọ́ pé òun fi ilẹ̀ sílẹ̀ tìtorí fíìmù, òun á padà wá. Nítorí náà, mo jábọ̀ fún ẹgbẹ́ àti fún ìyá mi pé mi ò bá a níbẹ̀. Ọ̀gá wa ní Ifo nìkan ni mo sọ fún. Ó bínú, lẹ́yìn náà ó béèrè bóyá ọkùnrin náà lè bá òun wo ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tòun náà. Sátidé pé, kò sẹ́ni tó wá. Lọ́jọ́ Àìkú, ìyá mi jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì pé Ọlọ́run ti da ìmọ̀ àwọn ọ̀tá òun rú. Èmi náà ké halelúyà.

Pápá kan lẹ́yìn Asese la ti ya ìjà náà. Ọkùnrin yẹn ní òun ò mọ bí wọ́n ṣe ń díbọ́n lu èèyàn, òótọ́ ló sì sọ. Ẹ̀ẹ̀meje la yà á, torí kò fẹ́ràn bí mo ṣe ń ṣubú. Ó ní mò ń rọra. Níkẹyìn, mo ṣubú dáadáa, eyín mi kan sì wà nínú iyanrìn. Ó gbẹ́sẹ̀ lé mi lẹ́yìn. Mo gbọ́ tí ọ̀gá wa ní ó ti tó, ṣùgbọ́n mi ò tètè dìde.

Àwọn òǹwòran ò dárí jì mí. Àwọn tó ń ta síídì lọ́jà Ifo dá páálí apá kẹrin padà. Àwọn ọmọ Magboro tú ìró ìyá wọn lọ́rùn. Ọmọbìnrin kékeré kan pàdé mi ní Ibafo, ó kúnlẹ̀ kí mi torí pé wọ́n kọ́ ọ nílé, ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ó dùn mí. A ò ṣe apá karùn-ún.

Ìyá mi ò wo apá kẹrin àfi ìgbà tí a rẹ́ ògiri yàrá wọn tán. Mo ní síídì náà ti họ, wọ́n ní kí n fi sí i bẹ́ẹ̀. Wọ́n jókòó, wọ́n ń wò ó títí ọkùnrin yẹn fi gbẹ́sẹ̀ lé mi.

“Kí ló dé tó ò dìde?”

Mo ní bí wọ́n ṣe kọ ọ́ nìyẹn. Ìyá mi béèrè bóyá mi ò lẹ́nu ni, èmi ọkùnrin ọlọ́wọ́ méjì. Ojú ń tì wọ́n nítorí mi, mo rí i, mi ò sì lè wò wọ́n. Wọ́n wo ògiri, wọ́n wo òkè àjà, wọ́n mí kanlẹ̀.

“Ọpẹ́lọpẹ́ Ọlọ́run,” ni wọ́n wí. “Ká ní ìwọ ni mo gbójú lé lọ́jọ́sí, níbo là bá máa sùn báyìí?”

Mo ní òótọ́ lẹ sọ, Màmá. Mo dìde, mo lọ yọ síídì náà.