Arínúróde, Bàbá Tó Ń Ka Ọjọ́ Orí Lára Ọkàn

Ṣé ẹ̀bùn Ọlọ́run ni, àbí ojú tó kàn ń fòye mọ nǹkan? Láti ìgbà tí bàbá tó ń ya lílù ọkàn sórí bébà nílé ìwòsàn ti papò dà ni nọ́ọ̀sì tó bá a ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́sàn-án ti ń bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè yìí, pàápàá lórí ìkúnlẹ̀ àdúrà. Kò tíì rí ìdáhùn.

Gbogbo ilé ìwòsàn ló mọ ti ìyá olùkọ́ àgbà. Ìyá náà kun ètè wọlé, ó ní ọmọ ọdún márùndínláàádọ́ta lòun. Bàbá lẹ wáyà mọ́ ọn láyà, lọ́wọ́, lẹ́sẹ̀. Ẹ̀rọ kùn bí oyin, ó pọ bébà jáde. Bàbá gbé bébà náà sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, ó ń wo ìlà orí rẹ̀ bí ẹni tó ń wo òkè tó wà lókèèrè réré.

"Màmá, ọkàn yín mà dàgbà ju ẹnu yín lọ."

"Kí lẹ sọ?"

"Iṣẹ́ tí iyàrá òkè ọkàn ń rán sí tìsàlẹ̀ ti ń pẹ́ lọ́nà. Àgbà ló ń rọra sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Ẹ jọ̀ọ́, ọdún mélòó gan-an?"

Ìyá wolẹ̀. "Mẹ́rìndínláàádọ́rin," ó wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Ohùn ọkọ rẹ̀ bú jáde lẹ́yìn aṣọ ìkélé: "Háà! Ṣé ẹ̀gbọ́n mi ni mo wá fẹ́ sílé?"

Ọjọ́ yẹn ni wọ́n sọ ọ́ ní Arínúróde. Nọ́ọ̀sì nìkan ni kò pè é bẹ́ẹ̀ rí. Oríkì Ọlọ́run ni. Kò lè fi pe ẹni tó ń jẹ búrẹ́dì lórí ibùsùn aláìsàn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ òjò kan, dókítà obìnrin ilé ìwòsàn náà bo orúkọ orí bébà kan mọ́lẹ̀. "Bàbá, ta nìyí?"

Bàbá dijú bí ẹni tó ń lálàá. "Ọkùnrin ni. Ó ti tó ọgọ́rin ọdún. Olóríkunkun sì ni."

"Èmi ni! Ọmọ ọdún méjìdínlógójì ni mí!"

Gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ ń retí kí ojú tì í. Bàbá rọra ká bébà náà. "Ó dáa," ó ní. "Mo gba ọ̀kan nínú mẹ́ta."

Ẹ̀rọ náà ní ìwà tirẹ̀: bí èèyàn kò bá tẹ ọjọ́ orí sí i, kó sì tẹ ọkùnrin tàbí obìnrin, á gbà pé géńdé ọkùnrin ni gbogbo aráyé. Nígbà kan tí nọ́ọ̀sì gbàgbé, ẹ̀rọ kọ ọ́ pé ọkàn ọmọ ọwọ́ kan ń sáré pa ara rẹ̀. Ìyá ọmọ bú sẹ́kún.

"Ẹ dákẹ́, ìyá ọmọ," Bàbá ní. "Eré ni ọkàn ọmọdé ń sá, ibi tí wọ́n ń lọ ṣì jìnnà. Sista, ẹ̀rọ yìí ò lójú o. Ìwọ lojú rẹ̀."

Bàbá fẹ̀yìn tì. Lẹ́yìn ọdún méjì, ó wọlé láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó dùbúlẹ̀. Aṣọ ìkélé ń fẹ́ lẹ́lẹ́. Nọ́ọ̀sì ń lẹ wáyà, ó ń gbàdúrà sínú. Ọ̀rọ̀ tí ẹ̀rọ kọ kò dára. Àfi bó ṣe rí i pé òun kò tẹ ọjọ́ orí! Ayọ̀ sọ nínú rẹ̀. Ó tẹ ọdún mọ́kànléláàádọ́rin, ó tẹ ọkùnrin, ó tún un yà.

Ọ̀rọ̀ kan náà ló kọ. Nọ́ọ̀sì wo òkè àjà. Ṣé ẹnikẹ́ni tiẹ̀ ń gbọ́ lọ́hùn-ún?

"Gbé e wá, ọmọ mi." Bàbá wò ó pẹ́, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Tí ọkàn mi bá lù tán, ó ń pẹ́ jù níbi ìsinmi kó tó ṣe tán fún òmíràn. Ó ti kọjá ìwọ̀n ọkùnrin."

"Bàbá, Ọlọ́run á ṣe é."

"Á ṣe é. Àmọ́ o mọ̀ pé ti obìnrin máa ń pẹ́ níbẹ̀ ju tiwa lọ, ẹ̀rọ yìí sì máa ń fún wọn láàyè díẹ̀ sí i."

Nọ́ọ̀sì ń rẹ́rìn-ín, ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu omijé. "Bàbá! Irọ́ nìyẹn o."

"Irọ́ kọ́, àdúrà ni. Jọ̀ọ́, ọmọ mi, bá mi tẹ obìnrin sí i, ká wo àyè tí wọ́n máa fún mi."