Ẹsẹ̀ Kan Tó Kù

Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, ọmọ-ọmọ mi obìnrin ń fọ abọ́ lẹ́yìnkùlé wa ní Ìlọrin, ó ń kọ orin ìjọ, ó sì ń pa ọ̀rọ̀ orin náà dà bó ṣe wù ú. Mo ní, "Ìwọ ọmọ yìí, irú orin wo lò ń kọ yẹn?" Ó ní bí òun ṣe gbọ́ ọ náà ni òun ṣe ń kọ ọ́. Mo fẹ́ bá a wí, ṣùgbọ́n mo rántí nǹkan kan. Ṣe ni mo jókòó sórí àpótí, tí omijé ń bọ́ lójú mi bí ẹni tó ń gé àlùbọ́sà. Mo ti mọ ẹnìkan rí tó ṣi orin gbọ́, tí àṣìgbọ́ náà sì gbé e dìde nílẹ̀.

Dúpẹ́ lorúkọ rẹ̀, ọmọbìnrin ẹgbẹ́ mi ni. Ní Òsí, ìlú wa, ògiri ilé wọn ló kan tiwa. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí tẹ́ ẹ ń tijú láti pe ilé ní ulé bíi tiwa, ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa. Ayé ìgbà tí mò ń sọ yìí, owó epo rọ̀bì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé ọwọ́ ìjọba ni, wọ́n ń kọ́ ilé ìwé káàkiri, wọ́n ní kí gbogbo ọmọ máa bọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Dúpẹ́ kò lọ ní tirẹ̀. Àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú un kó tó já lẹ́nu ọmú, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ tín-ín-rín bí ọmọ orógùn, ìdí ló sì fi ń wọ́ kiri àgbàlá. Ìyá rẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀ o, ẹ má ṣì mí gbọ́. Ẹyin ojú ló fi í ṣe. Ṣùgbọ́n bí àlejò bá ti yọ lókèèrè báyìí, á ní, "Dúpẹ́, wọlé, má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n máa wò ọ́." Dúpẹ́ á sì wọ́ wọlé.

Lọ́dọọdún, tí ìkórè ìjọ wa bá ti parí, àwọn akọrin máa ń ṣe eré olórin lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Ọ̀gá wọn ni Tísà, ará ìhà Ọ̀yọ́ kan tó ń fi pàṣán kọ́ wa pé iṣu ni kí á máa wí, kì í ṣe usu. Tábìlì ilé ìwé ni wọ́n ń tò pọ̀ ṣe ìtàgé, mọ̀rìwò ni ògiri, ìró àwọn ìyá ìjọ tí wọ́n rán pọ̀ sì ni aṣọ ìkélé. Ọ̀sán gangan la ń ṣe é, torí kò síná. Àwọn èèyàn á ti Ọ̀bọ Ayégúnlẹ̀ wá, wọ́n á ti Ìsọlọ̀ Ọ̀pìn wá, ilé ìjọsìn á kún tí abẹ́rẹ́ kò ní í ráyè bọ́ sílẹ̀.

Eré ọdún tí mò ń wí yìí, ọmọ ọba kan ló sọnù nínú rẹ̀. Ó dàgbà sílẹ̀ àjèjì, ó padà wálé, wọn kò mọ̀ ọ́n, wọ́n fẹ́ tì í jáde ní ẹnubodè. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orin tí bàbá rẹ̀ fi ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún ní kékeré. Kó tó kọ ọ́ tán, wọ́n ti fẹ́ tìlẹ̀kùn, ló bá ń bẹ̀ wọ́n lórin pé kí wọ́n ní sùúrù, ó ku ẹsẹ kan. Ẹsẹ orin ni Tísà ní lọ́kàn o. Ṣùgbọ́n ohùn òyìnbó ló gbé e lé, ohùn náà sì ń já wálẹ̀ níbi tí kò yẹ kó ti já. Ohun tí gbogbo wa ń gbọ́ ni "ó ku ẹsẹ̀ kan", ẹsẹ̀ tí èèyàn fi ń rìn.

Ìta ni Dúpẹ́ wà, lábẹ́ fèrèsé, nítorí ìyá rẹ̀ kò fẹ́ kí wọ́n wò ó. Ó gbọ́, kò rí nǹkan kan. Nígbà tí mo jáde, ó di aṣọ mi mú, ojú rẹ̀ ń dán.

"Ẹsẹ̀ rẹ̀ wo ló kù?"

Mo ní n kò mọ̀. Ó ní, "Ọ̀tún ni. Ọ̀tún ni tèmi náà."

Ẹ gbọ́ mi, ọmọ náà kò wọ́ nílẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ náà. Ó ní bí arọ bá lè jẹ́ ọmọ ọba, kí bàbá òun gé ọ̀pá wá fún òun. Bàbá rẹ̀ gé ọ̀pá tí orí rẹ̀ pín sí méjì, ó fi àkísà wé e, Dúpẹ́ há a sábẹ́ apá. Ó ṣubú títí eékún rẹ̀ fi bó. Ó lọ sílé ìwé láàárín àwọn ọmọ tó kéré sí i, wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ó ń fi ọ̀pá lé wọn. Nígbà tó yá, ó wọ ẹgbẹ́ akọrin. Ohùn rẹ̀, họ̀wù! Ohùn náà mọ́ débi pé àwọn alàgbà tó ń tòògbé á jí.

Ibẹ̀ ni àṣírí ti tú. Wọ́n fẹ́ tún eré náà ṣe, Tísà sì ń ṣàlàyé ọ̀rọ̀ orin fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. Dúpẹ́ ní òun fẹ́ ṣe ọmọ ọba ẹlẹ́sẹ̀ kan. Ẹ̀rín sọ, wọ́n rẹ́rìn-ín títí tí àwọn kan fi dọ̀bálẹ̀ sórí bẹ́ǹṣì. Tísà ní ẹsẹ orin ni. Dúpẹ́ ní, "Ẹ jọ̀wọ́, sà, orin yín ló sọ bẹ́ẹ̀, èmi kọ́." Tísà fẹ́ bínú, ó kọ orin náà wúyẹ́wúyẹ́ fúnra rẹ̀, ó sì rí i pé òótọ́ ló sọ.

Tísà fẹ́ kó ṣe ọmọ ọba náà. Àwọn alàgbà ló kọ̀. Wọ́n ní, "Ta ló ti rí alábùkù ara tó jẹ́ ọmọ ọba rí? Kí àwọn àlejò wá fi wá ṣẹ̀sín?" Ni wọ́n bá fa Fúnmi kalẹ̀, ọmọ pupa, ó lẹ́wà, ó mọ ijó, ṣùgbọ́n bó bá kọrin, ó sàn kéèyàn di etí. Wọ́n ní kí Fúnmi máa jó níwájú kó máa la ẹnu, kí Dúpẹ́ máa kọrin lẹ́yìn aṣọ ìkélé. Dúpẹ́ ní òun gbà. Inú bí mi débi pé n kò bá a sọ̀rọ̀ fún odindi ọjọ́ kan.

Ọjọ́ eré pé. Èmi wà láàárín àwọn tó ń gbe orin. Ìyá Dúpẹ́ wà nínú ilé ìjọsìn lọ́tẹ̀ yìí, ó jókòó sẹ́yìn, kò sẹ́ni tó sọ fún un pé ọmọ rẹ̀ ló máa kọ orin ọmọ ọba. Nígbà tó kan ẹnubodè, Dúpẹ́ gbé e: ó ku ẹsẹ̀ kan. Ló bá fi tirẹ̀ kún un, tí Tísà kò kọ ọ́: "ẹsẹ̀ ọ̀tún ni, ẹsẹ̀ ọ̀tún ni mo fi rìn wálé." Fúnmi ṣi ijó jó. Tísà di orí mú. Ìyá Dúpẹ́ fò dìde, ó ké, "Yéè! Ọmọ mi rèé! Dúpẹ́ mi ni!" Ó ń tì wọ́n sọ́tùn-ún sósì láti dé ìdí aṣọ náà. Àwọn ìyá ìjọ rò pé Ẹ̀mí ló gbé e. Wọ́n dì í mú, wọ́n ń ké Halelúyà, wọ́n rọra mú un jókòó, ọ̀kan ń fi ìborùn fẹ́ ẹ. Bó ṣe ń sunkún tó, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń yin Olúwa tó. Ẹnikẹ́ni kò ṣí aṣọ ìkélé. Fúnmi tẹríba, gbogbo ilé pàtẹ́wọ́ fún un.

Mo bá Dúpẹ́ lẹ́yìn aṣọ, ó fara ti ògiri, òógùn bò ó. Ó ní, "Ṣé o gbọ́ bí wọ́n ṣe pàtẹ́wọ́?" Mo bá a nu òógùn ojú rẹ̀.

Ìyá rẹ̀ kò ní kó wọlé fún àlejò mọ́ láti ọjọ́ náà. Tísà sì ṣèlérí níwájú wa pé lọ́dún tó ń bọ̀, òun á gbé e síwájú, kí ẹni tó máa bínú bínú. Dúpẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ bí yóò ṣe dá dúró láìfi ọ̀pá ti ara títí orin á fi tán. Ó mà ṣe o, ìjọba gbé Tísà lọ sí ìlú mìíràn kí ọdún tó yí po. Ẹni tó rọ́pò rẹ̀ sọ pé ilé Ọlọ́run kì í ṣe ilé eré. Bí eré náà ṣe parí nìyẹn.

Dúpẹ́ kọ́ṣẹ́ aránṣọ, ó ra ẹ̀rọ tí wọ́n ń fọwọ́ yí, ó lọ́kọ, ó bímọ. Tí mo bá wálé fún Kérésì, á ní, "Ṣé wọn kò ní í tún eré yẹn ṣe mọ́ ni?" Á rẹ́rìn-ín, èmi náà á rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé kò fi ṣe àwàdà.

Ó kú lọ́dún tó kọjá. Nígbà tá a lọ sìnkú rẹ̀, ilé ìjọsìn ti di ńlá, ẹ̀rọ gbohùngbohùn ń dún lọ́tùn-ún lósì, arọ méjì ń kọrin níwájú láàárín àwọn akọrin, kò sí ẹni tó wò wọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Mo dúpẹ́, ó sì dùn mí. Kí ló dé tí ayé kò tètè rí báyìí? Lẹ́yìn ìsìnkú, àbígbẹ̀yìn rẹ̀ fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní, "Mọ̀mí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin lẹ bá Màámi dàgbà. Wọ́n máa ń sọ fún wa pé àwọn ṣe ọmọ ọba lórí ìtàgé níbí, pé àwọn dúró níwájú, tí gbogbo ìlú ń wo àwọn. Bọ̀dá mi ní irọ́ ni. Ṣé òótọ́ ni, mà?"

Mo wo ojú ọmọ náà. Mo ní, "Òótọ́ ni. Gbogbo ìlú ló rí i."

Ó nu ojú rẹ̀. Ó ní, "Mo sọ fún wọn. Màámi kì í purọ́."