Iyọ̀ Tí Mo Gbé Kọjá

Ó ṣí ìdérí abọ́ náà, ó gbóòórùn ọbẹ̀, ó ní, "Ẹni tó se èyí kú iṣẹ́ o." Lẹ́yìn náà ló na ọwọ́ sábẹ́ òkìtì àpò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó fa agolo mílíìkì kan yọ, ó ki ìka mẹ́ta bọ̀ ọ́, ó sì bu iyọ̀ wọ́n ọbẹ̀ tí ìyá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ fi rán mi sí i. Ẹ̀rù bà mí débi pé mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Mo ní, "Màmá, ẹ ó kú o."

"Ta ló sọ fún ẹ?"

"Gbogbo èèyàn ni."

"Ó dáa. Jókòó síbẹ̀, kó o máa wò mí bí mo ṣe ń kú."

Mo sì jókòó lóòótọ́. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí, n kò mọ̀ pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Mo ń wò ó bó ṣe ń fi fùfú kó ọbẹ̀ náà, bó ṣe ń lá ìka, bó ṣe fọwọ́ tán tó nù ún sí etí ìró, tó sì tún fa àpò tó ń rán mọ́ra. Kò kú. Ó wò mí pẹ̀lú ojú rẹ̀ tí kì í dúró sójú kan, ó ní, "Bó o bá fẹ́, padà wá lọ́la, bóyá mo ti kú nígbà yẹn."

Àfín ni. Ilé kan ṣoṣo ló wà láàárín ilé wa àti ilé rẹ̀ ní Ayétòrò. N kò ní dárúkọ rẹ̀. Màmá Alápò ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Kí ẹnikẹ́ni má sì bá mi wí pé mò ń pe àgbà ní "ó". Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí, "wọ́n" pọ̀ nínú rẹ̀, n kò sì fẹ́ kí ẹ ṣì í pọ̀ mọ́ wọn.

Àpò ìdọ̀họ ló ń rán, èyí tí àwọn oníṣòwò fi ń kó àgbàdo àti gàrí. Bí eku bá gé e, tàbí tí àwọn alábàárù bá fà á ya, wọ́n á kó o wá bá a kí ọjọ́ ọjà tó pé. Ojú rẹ̀ kò ríran jìnnà, ìmọ́lẹ̀ sì máa ń pa á lójú, nítorí náà fèrèsé rẹ̀ kì í ṣí ju ìdajì lọ. Ìka ló fi ń wá ibi tó ya. Á ti ọwọ́ bọ inú àpò, á rọra máa fọwọ́ pa á kiri, ìka á yọ níbi ihò, á ní, "Ìwọ rèé." Abẹ́rẹ́ rẹ̀ gùn, ó sì tẹ̀ lẹ́nu. Okùn á ró fìì bó ṣe ń fà á, á dákẹ́, á tún ró fìì. Èmi ni mo máa ń bá a ki okùn bọ ojú abẹ́rẹ́. Eruku àgbàdo, gàrí tó ti kan, àti àdí tó fi ń para, òórùn iyàrá náà nìyẹn. Bí mo bá gba ibi tí wọ́n ti ń ta àgbàdo kọjá lónìí, mo máa ń dúró. Àwọn tó ń tà á á rò pé mo fẹ́ rà ni.

Àfín kì í jẹ iyọ̀: bí wọ́n ṣe kọ́ wa pé a kì í fọwọ́ òsì gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà ni wọ́n ṣe kọ́ wa nìyẹn. Wọ́n ní iyọ̀ ló ń mú kí àmì dúdú dúdú yọ sí wọn lára. Oòrùn ni, mo ti wá mọ̀ báyìí, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó bèèrè nígbà náà. Ní ilé wa, kí ìyá mi tó bu iyọ̀ sọ́bẹ̀, á kọ́kọ́ bu ti Màmá Alápò sọ́tọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ilé àdúgbò ń ṣe, nígbà Iléyá, nígbà Kérésì, nígbà òkú. Kò sí ẹni tó gbàgbé rẹ̀ rí. Oore ni wọ́n ń ṣe, n kò gbọdọ̀ parọ́ mọ́ wọn, ohun tó sì ń bí mi nínú jù nìyẹn. Ẹni tó bú ọ, o lè bú u padà. Ẹni tó gbé ọbẹ̀ àtẹ́ wá bá ọ tẹ̀rín-tẹ̀rín, kí lo fẹ́ ṣe fún un?

Oore yẹn náà ní ibi tó mọ. Wọ́n á fún un ní oúnjẹ, wọn kò ní jẹ tirẹ̀. Ó sọ fún mi pé nígbà tóun wà ní ọ̀dọ́, òun dín àkàrà tà rí. Obìnrin kan rà á tẹ̀rín-tọ̀yàyà, ó yí sẹ́yìn ilé, ó dà á fún ajá. "Lóòótọ́ mi ò ríran dáadáa," ni Màmá wí, "ṣùgbọ́n mo gbọ́ nígbà tí ajá ń jẹ ẹ́." Ló bá kúrò nídìí àkàrà. Ó ní àpò kì í bèèrè ẹni tó rán òun.

Ìrìn ẹsẹ̀ ló fi ń dá aboyún mọ̀. Bí ọ̀kan bá ń bọ̀, á ti yà kúrò lójú ọ̀nà kí onítọ̀hún tó fa ìró bo ikùn, á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ẹni tí nǹkan bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo bá a wá nǹkan náà lẹ́ẹ̀kan, mo ń tú koríko kiri. Nígbà tí aboyún náà kọjá tán, ó ní, "Dìde, ọmọ mi, kò sí nǹkan tó bọ́."

Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ fún wọn pé òun ń jẹ iyọ̀. Ó fa okùn, ó so ó, ó fi eyín gé e.

"Mo ti sọ ọ́ rí. Wọn ò gbà mí gbọ́, wọ́n ní ọ̀fun ló ń dà mí láàmú, pé ó kàn ń wù mí jẹ ni. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá sín, wọ́n á ní iyọ̀ ló ṣèèṣì bọ́ sọ́bẹ̀ mi. Ẹni tá a ṣe lóore tí ò dúpẹ́, bí olè kó ni lẹ́rù lọ ni. Mo dúpẹ́, mo gba ọbẹ̀ mi, mo sì ní agolo mi." Ó fa àpò mìíràn mọ́ra. "Ti ìkómọ nìkan ló ń dùn mí."

Ẹ mọ bí a ti ń ṣe é: iyọ̀ á yí ká, olúkúlùkù á tọ́ ọ wò, á sì fi adùn ẹnu ara rẹ̀ ṣàdúrà fún ọmọ tuntun. Gbogbo ọmọ àdúgbò wa ni wọ́n sọ lórúkọ níṣojú rẹ̀, èmi náà wà nínú wọn, àwo iyọ̀ a sì máa fò ó bí ìgbà tí èèyàn fo àga tó ṣófo. Òun fúnra rẹ̀ kò bímọ. Ó fẹ́ kí ẹnu òun náà dá sí ọ̀rọ̀ ọmọ kan ṣoṣo kóun tó kú, kò bèèrè ju ìyẹn lọ. Ìyá mi lóyún nígbà náà. Mo ní, "Ti àbúrò mi, ẹ ó tọ́ ọ wò. Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀." Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó bi mí pé oyún náà ti tó oṣù mélòó.

Ikùn ìyá mi wá hàn síta, ni ìyá tó bí bàbá mi bá ní n kò gbọdọ̀ débẹ̀ mọ́. Ó ní ọmọ tó ń ti ilé àfín bọ̀ kò gbọdọ̀ fara kan aboyún. Wọ́n wá ń gbé ọbẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà fún un, ẹni tó gbé e á sì yára padà. Bí mo bá ń ti ilé ìwé bọ̀, mo máa ń dúró ní títì, níwájú fèrèsé rẹ̀, mo ń gbọ́ okùn. Màá ní, "Màmá, ẹ káàsán o."

Á dáhùn láti inú òkùnkùn, "Ta ni yẹn? Ṣé ẹni tó fẹ́ bá mi ki okùn ni?"

N kò lè wọlé. Màá dúró títí ẹnì kan á fi pè mí láti ilé.

Ìyá mi bí ọkùnrin. Ní ọjọ́ kẹjọ, àgbàlá wa kún. Oyún ti sọ̀, ẹ̀rù ti kúrò lára wọn, nítorí náà Màmá Alápò wá. Ó wọ búbá funfun kan tí n kò rí lára rẹ̀ rí, ó jókòó sí ìpẹ̀kun bẹ́ńṣì níbi tí oòrùn kò dé. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ló ń sọ ọmọ lórúkọ. Ó ti ṣe ti omi, ó ti ṣe ti oyin, ó ti ṣe ti obì, ó wá bu iyọ̀ sínú àwo, ó wò yíká, ó ní, "Àkọ́bí dà? Òun ni yóò gbé e yí ká." Inú mi dùn, mo fi ọwọ́ méjèèjì gba àwo náà. Mo rò pé Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ló gbọ́ ìlérí mi.

Mo gbé e láti ọ̀dọ̀ ẹnì kan dé ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn. "Ayé rẹ á dùn." "O kò ní tẹ́ láwùjọ." "Bí wọ́n ṣe ń wá iyọ̀ ni wọ́n á máa wá ọ." Mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó ti yọ ọwọ́ lábẹ́ ìborùn, ó pa ìka mẹ́ta pọ̀, ó na ọrùn síwájú bó ṣe máa ń ṣe nígbà tó bá ń wá ihò lára àpò.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní, "Rárá o, ọmọ mi. Fo ìyẹn. Èèwọ̀ wọn ni."

Ohùn rẹ̀ tutù. Ẹnì kan ní, "Ọmọdé ni, kò mọ̀." Wọ́n sì rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò ní ìkà kankan nínú.

Mo mọ̀. Èmi nìkan ni mo mọ̀ nínú gbogbo àgbàlá yẹn. "Wọ́n ń jẹ iyọ̀," gbólóhùn kan péré ni. Màmá ti sọ ọ́ rí, wọn kò gbà á gbọ́. Ó gbé ojú sókè sí mi. Ìyá bàbá mi ń wò mí, ìyá mi gbé ọmọ dání, òun náà ń wò mí. Ẹnu mi wúwo. Mo yí àwo náà kúrò níwájú rẹ̀, mo gbé e fún ẹni tó kàn. Ìka mẹ́ta náà ṣì wà níbẹ̀ díẹ̀, kó tó fi wọ́n tún gèlè rẹ̀ ṣe. Nígbà tí gbogbo èèyàn ṣe àmín, ó bá wọn ṣe é.

Ní ọjọ́ kejì mo dúró sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ó ní, "Èwo ni ti ìdúró yẹn?" Mo bú sẹ́kún. Mo ń retí kó bú mi. Ì bá tiẹ̀ sàn kó gbá mi létí, n bá ti gba tèmi tán. Ó fi ọwọ́ rẹ̀ tó le nù mí lójú, ó ní, "Ṣé ìwọ lo dá a sílẹ̀ ni?" Nígbà tó yá, ó bèèrè pé ṣé ọmọ náà ń sùn dáadáa.

Kò tún dárúkọ iyọ̀ sí mi mọ́. A wà bẹ́ẹ̀ fún ọdún mélòó kan sí i, mò ń ki okùn, ó ń rán àpò, ìyá mi ń bu ọbẹ̀ àtẹ́ ránṣẹ́ sí i, n kò sì sọ fún ìyá mi. Bí mo bá sọ ọ́ lẹ́yìn ìkómọ, wọ́n á bi mí pé kí ló dé tí n kò sọ ọ́ lọ́jọ́ náà. Ilé ìwé ni mo wà ní Ìlaròó nígbà tó kú. Àwọn ẹbí rẹ̀ wá láti Ìjoun, wọ́n gbé e lọ sin. Nígbà tí mo dé fún ọlidé, ilẹ̀kùn rẹ̀ ti wà ní títì. Mo fi etí ti fèrèsé, bí mo tilẹ̀ mọ̀ pé kò sí ẹnì kankan níbẹ̀.

Mo ti lé ní ogójì ọdún, àárò rẹ̀ ṣì ń sọ mí. Kì í ṣe àánú rẹ̀ ló ń ṣe mí o. Ẹni tó lè fi ikú ara rẹ̀ ṣe ọmọdé ní yẹ̀yẹ́ kò nílò àánú èmi yìí. Òun gan-an ni mò ń fẹ́, pẹ̀lú àwọn ọ̀sán tí àwa méjèèjì kì í sọ nǹkan kan. Níbi iṣẹ́ mi, mo ń gbọ́ ọ lójoojúmọ́: àwọn báyìí kì í ṣe tibí, àwọn tọ̀hún kì í jẹ nǹkan báyìí, ẹ má gba irú ọmọ yẹn síṣẹ́. Nígbà mìíràn mo máa ń sọ̀rọ̀. Nígbà mìíràn, kí n má purọ́, ẹnu mi á tún wúwo.

Àbúrò mi ọ̀hún ti di bàbá ọmọ méjì. Lọ́dún yìí ni mo tó sọ ìtàn náà fún un, ní ilé rẹ̀ ní Ayétòrò, lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan. Ó gbọ́ ọ tán. Kò dá mi lẹ́bi. Ó kàn bèèrè pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, kí ni Màmá Alápò ì bá wí fún mi?"

Àdúrà gbogbo àwọn tó tọ́ iyọ̀ wò lọ́jọ́ yẹn ni mo ṣì lè kà fún un, ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí dórí ẹni tó kẹ́yìn. Ti ẹnì kan ṣoṣo ni n kò mọ̀, kò sì sí ẹni tí mo lè lọ bi.