Ẹni Tó Kọ́ Sàréè Ìyá Ọkọ Mi

Bíríkìlà lọkọ mi. Ọwọ́ rẹ̀ dára, ẹnu rẹ̀ ni kò dára. Àmọ́ ẹ wo àtẹ̀gùn tó bá ṣe, etí rẹ̀ kì í mú. Bí sìmẹ́ńtì bá fẹ́ gbẹ, yóò ti ìgò bọ omi, yóò máa fi èjìká ìgò náà yí etí àtẹ̀gùn náà títí tí yóò fi rí bìrìkìtì, kí ẹsẹ̀ ọmọdé má baà bó níbẹ̀. Mi ò tíì rí bíríkìlà mìíràn tó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ bàbá rẹ̀ ló ti kọ́ ọ, kò sì fẹ́ ká máa sọ ọ́.

Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni nígbà tí bàbá rẹ̀ bá ìyá rẹ̀ jà, tí bàbá sì kó ẹrù jáde nílé. Kò pé ọdún kan, ìyá kú. Àbúrò ìyá rẹ̀ mú un lọ sílùú ńlá lọ́jọ́ kejì, ó sì ń sọ fún un títí tó fi dàgbà pé bàbá rẹ̀ ò tilẹ̀ yọjú, pé inú ilẹ̀ lásán ni ìyá rẹ̀ wà. Láti ìgbà náà, "ọkùnrin yẹn" ló ń pe bàbá rẹ̀. Nígbà tí bàbá náà kú lọ́dún mẹ́sàn-án sẹ́yìn, ó ní òun ò lọ síbì kankan, iṣẹ́ wà nílẹ̀.

Lọ́dún yìí tó pé ọgọ́ta ọdún, ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀ mọ́. Ó ní òun ń kọ́lé fún gbogbo ayé, ìyá òun wà nínú koríko. Bí a ṣe gbé ìlàjì àpò sìmẹ́ńtì nìyẹn, ó di àfonífojì tí wọ́n bí i sí.

Kò sẹ́nì kankan níbẹ̀ mọ́ ju àgbẹ̀ arúgbó kan lọ. Ó nawọ́ sí òdìkejì odò pé ká máa wá sàréè níbẹ̀, òun ò mọ ti ta ni ti ta. A rí ti ìyá àgbà àti ti bàbá àgbà, òkìtì òkúta méjì tí ọkọ mi máa ń bá ìyá rẹ̀ ro oko ìdí wọn nígbà tó wà lọ́mọdé. Ti ìyá rẹ̀, a ò rí i. Oòrùn kan àtàrí. Ẹsẹ̀ ń dùn mí, mo sì sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta.

Nídìí igi ńlá kan, ó dúró lójijì. "Ẹnì kan wà níbí," ó ní.

"Èmi àti ẹ̀yin ni," mo dá a lóhùn. "Ebi sì ń pa ẹnì kan nínú wa."

Àmọ́ kí n má purọ́, orí tèmi náà wú. Atẹ́gùn dá, ẹyẹ ò ké, ó wá ṣe mí bí ẹni pé a wọ yàrá tí ẹnì kan ti jókòó tó ń retí wa. Ẹ̀rù ò bà mí. Ara mi kàn rọ̀ wọ̀ọ̀.

Ọkọ mi kúnlẹ̀, ó ń fọwọ́ kó ewé kúrò. Sìmẹ́ńtì la bá lábẹ́ rẹ̀, sàréè tó dọ́gba, tí wọ́n ti fi ìṣó kọ orúkọ ìyá rẹ̀ sí lára. Inú bí i. "Ta ló ṣe èyí? Ta ló gba iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ mi?"

Èmi ti bẹ̀rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo sì gbé ọwọ́ lé etí sàréè náà. Mo mọ etí yẹn. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo ti ń gbá irú rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná mi.

"Ẹ fọwọ́ kàn án," mo ní.

Ó fọwọ́ tọ̀ ọ́ láti orí dé ẹsẹ̀, ó tún padà. Bìrìkìtì ni. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sì sunkún bí ẹni tí wọ́n bá sọ ẹrù kalẹ̀.

"Bàbá mi wá," ó ní. "Wọ́n ti mú mi lọ kí bàbá tó dé. Wọ́n wá."

Nígbà tó fi máa nu ojú tán, ó ti ń rẹ́rìn-ín, ó ní iyanrìn bàbá òun pọ̀ jù. Ó dí ibi tó sán. Sìmẹ́ńtì ṣì kù, mo ní ká fún àgbẹ̀ yẹn, kí ẹrù wa lè fúyẹ́.

"Rárá, ti sàréè bàbá mi ni. Àmọ́ mi ò tilẹ̀ mọ ibi tí wọ́n sin wọ́n sí."

Lọ́jọ́ ìsìnkú bàbá rẹ̀, tó ní iṣẹ́ wà nílẹ̀ yẹn, mo sọ fún un pé mò ń lọ kí ẹ̀gbọ́n mi.

"Mo mọ ibẹ̀," mo ní. "Èmi ni mo ṣojú yín. Ọdún mẹ́sàn-án rèé tí mo ti ń retí kí ẹ bi mí."

Ó gbé sìmẹ́ńtì lé èjìká.

"Ó dáa," ó ní. "Máa lọ níwájú."