A Dúpẹ́ Kì í Ṣe Ìdáhùn

Áyọ́ọ̀nù ni gbogbo àdúgbò ń pè é, orúkọ náà sì ro ó. Aṣọ lílọ̀ niṣẹ́ rẹ̀. Àwọn tó bá ti fọ aṣọ wọn tán ló ń gbé e wá sí ìsọ̀ rẹ̀ pé kó bá àwọn lọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ nìkan kọ́ ló fún un lórúkọ. Obìnrin náà tètè máa ń gbóná, kì í sì í tètè tutù. Bí oníbàárà bá ní ìlà ṣòkòtò òun wọ́, á ní kó gbé e lọ fún ìyá tó bí i kó bá a lọ̀ ọ́. Ọkọ rẹ̀, tó ń ṣọ́dẹ ní ilé ìfowópamọ́, máa ń sọ pé kì í ṣe ibi iṣẹ́ lòun ti ń ṣọ́dẹ, ilé ni.

Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n bí, ọmọbìnrin tó ti ń sún mọ́ ọmọ ọdún mọ́kànlá. Láti kékeré lọmọ náà ti tóbi. Òròbó ni wọ́n ń pè é nílé, tí wọ́n á máa kì í ní mẹ́sàn-án mẹ́wàá, inú ìyá á sì máa dùn, nítorí ta ni í rí ọmọ tó sanra tí í fajú ro? Àfìgbà tí ọmọ ò lè gun àtẹ̀gùn ilé-ìwé mọ́ láìdúró mí, tí dókítà sì ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ń ru bíi ti àgbàlagbà. Áyọ́ọ̀nù kọ́kọ́ bínú sí dókítà. Lẹ́yìn náà ló fa ọmọ lọ́wọ́, ó di ilé ìwòsàn àwọn ọmọdé, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn tí ara wọn ti wúwo jù.

Ibẹ̀ kì í wọn ọmọ lásán. Wọ́n ní àwọn fẹ́ mọ bí gbogbo ilé ṣe ń gbé: kí lẹ jẹ, ta ló sè é, ṣé ọmọ ń sáré, ṣé kì í wo tẹlifíṣọ̀n títí ilẹ̀ á fi ṣú, báwo ló ṣe ń sùn. Omidan jẹ́jẹ́ kan tó máa ń wọ bàtà funfun ló ń béèrè gbogbo rẹ̀. Oníbèéèrè làwọn òbí ń pè é. Bó bá béèrè títí, á wá kan èyí tó gbẹ̀yìn.

"Ṣé àlàáfíà ni ọmọ wà?"

"A dúpẹ́," Áyọ́ọ̀nù á wí.

"A dúpẹ́, mà," ọmọ á gbè é lẹ́sẹ̀.

Oníbèéèrè á fàmì sí i, ó di ìgbà mìíràn. Ẹ dákun, kí lèèyàn tún fẹ́ dáhùn? Ẹni tó ń sọ èdè wa, bí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan tilẹ̀ há sínú kòtò, tẹ́ ẹ bá bi í pé ṣé àlàáfíà ni, á kọ́kọ́ dúpẹ́ ná kó tó ní kẹ́ ẹ wá fa òun yọ.

Kò pẹ́ tí òṣùwọ̀n fi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun tó dùn mọ́ wọn. Ọmọ ń fọn. Ìgbàkígbà tó bá ti orí òṣùwọ̀n sọ̀ kalẹ̀, àwọn nọ́ọ̀sì á pàtẹ́wọ́ fún un. Áyọ́ọ̀nù náà ń pàtẹ́wọ́, ó tún ń fi yangàn ní ìsọ̀, pé ohun tí àwọn ẹlòmíì ń sanwó fún ni ọmọ òun fi ọgbọ́n ṣe.

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan ló ń fi áyọ́ọ̀nù lọ síkẹ́ẹ̀tì ilé-ìwé ọmọ náà tí nǹkan kan kọ́ irin náà lẹ́nu. Ó yí ìbàdí aṣọ náà padà. Pínnì ló bá níbẹ̀, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, tí ọmọ fi ká síkẹ́ẹ̀tì náà pọ̀ kó má baà bọ́ sílẹ̀ lára òun. Áyọ́ọ̀nù lọ tú àpò ìwé ọmọ. Búrẹ́dì àti ẹyin tó ń dì fún un láràárọ̀ ló kún ìsàlẹ̀ àpò, tòun ti bébà tó fi wé e. Òmíràn ti bu, ó ń rùn.

"Kí lèyí?"

"Kò sí nǹkan kan, mà."

"Ṣé mo jọ ẹni tí kò lójú ni? Mo jí láfẹ̀mọ́júmọ́, mo sè é, mo dì í, ìwọ ń fi bọ́ àpò?"

Ó pariwo títí ará ilé kejì fi yọjú lójú fèrèsé. Ó jágbe, ó gbá tábìlì. Nígbà tí ọkọ ní kó rọra, òun náà jẹ nínú rẹ̀.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, ó gba ilé-ìwé lọ. Tíṣà ní òun rò pé wọ́n ti mọ̀ nílé. Ó ní Àgbá Òróró làwọn ọmọ ń pè é. Bó bá jókòó sórí bẹ́ǹṣì, àwọn tó wà lórí rẹ̀ á fò sókè bí ẹni pé bẹ́ǹṣì fẹ́ dànù, gbogbo kíláàsì á sì bú sẹ́rìn-ín. Bí wọ́n bá lọ jẹun, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ló máa ń lọ jókòó sí. Kì í jẹ ohunkóhun lójú ẹnikẹ́ni mọ́.

Ta ni Áyọ́ọ̀nù ò bínú sí? Ó bínú sí tíṣà tó rí i tó dákẹ́, ó bínú sí àwọn ọmọ ọlọ́mọ àti ìyá tó bí wọn. Èyí tó dùn ún jù ni àtẹ́wọ́. Ebi ni wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún. Ọmọ rẹ̀ ń febi pa ara rẹ̀, àwọn àgbà sì dúró tì í, wọ́n ń ní ó káre.

Kò tilẹ̀ délé tó fi gba ilé ìwòsàn lọ, ó fa ọmọ dání. Ìyá kan wà níbẹ̀ tí iṣẹ́ rẹ̀ ò ju pé kó bá ọmọ jókòó, kó gbọ́ tẹnu rẹ̀. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló fẹ́ kí ọmọ òun dé. Oníbèéèrè ló bá lójú ọ̀nà àbáwọlé, ó sì sọ ohun tó gbé e wá fún un.

"Àyè kan ṣoṣo ló kù, mà," ni ìyẹn wí. "Ọ̀sán yìí ni wọ́n máa fi ẹnì kan sí i. Àwọn tí ọkàn wọn ò balẹ̀ ni wọ́n sì ń fún. Ọmọ tiyín, látìgbà tó ti ń bọ̀, àlàáfíà ló wà."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún yín?"

"Ẹ̀yin náà ni, mà."

Áyọ́ọ̀nù wò ó láti bàtà dé irun. Ẹ̀yin tó ń pè é tẹ́lẹ̀ di ìwọ.

"Èmi? O kí mi, mo sì dá ọ lóhùn. Ṣé kí n máa wò ọ́ níran ni? Bí mo bá kí ọ kú àárọ̀, ṣé kí n lọ kọ ọ́ sílẹ̀ pé o kú láàárọ̀?"

Bàbá kan tó jókòó sórí àga pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ rẹ́rìn-ín, lójijì ló dákẹ́. "Èmi náà," ló wí, "a dúpẹ́ ni mo máa ń sọ."

"Gbogbo òbí ló ń dúpẹ́," ni Oníbèéèrè wí. Ojú ń tì í. "Mo ti sọ fún wọn nínú ọ́fíìsì. Wọ́n ní bí wọ́n ṣe kọ ìbéèrè náà ni kí n ṣe kà á. Ọ̀gá wa ní kò tíì síbi tí ọkàn àwọn ọmọ balẹ̀ tó tibí. Inú wọn ń dùn sí i." Ó fa àga kan. "Ẹ jókòó, mà. Ẹ jẹ́ kí n tún bi í. Tí ìdáhùn bá yàtọ̀ lónìí, màá gbé e wọlé lọ bá wọn báyìí."

Wọ́n jókòó. Oníbèéèrè kà á bí wọ́n ṣe kọ ọ́. "Ṣé àlàáfíà ni ọmọ wà?"

Kí ìyá tó lanu, ọmọ ti sọ ọ́. "A dúpẹ́, mà."

"Má dúpẹ́ níbí," Áyọ́ọ̀nù jágbe. Gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ yíjú sí wọn. "Ta lò ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀? Ṣé àwọn tó ń pè ọ́ ní àgbá? Sọ òótọ́ fún un."

Ọmọ ń wo ìka ọwọ́ rẹ̀. Oníbèéèrè gbé bírò sílẹ̀, ó sì ṣe ohun tí wọ́n ní kò gbọ́dọ̀ ṣe: ó béèrè tẹnu ara rẹ̀. "Kí ló dé tó o fi máa ń dúpẹ́?"

"Tí n bá ní kò dáa, mọ́mì máa pariwo. Wọ́n á lọ bá tíṣà jà, wọ́n á tún wá bá èmi náà jà nílé. Ebi yẹn sàn díẹ̀."

Ìbínú tún ru sókè lọ́kàn Áyọ́ọ̀nù, ó sì ń wá ẹni tí yóò dà á lé lórí. Ó wo Oníbèéèrè, ó wo bàbá orí àga. Kò rí ẹni kankan tó tọ́ sí.

"Kí ni kí n kọ, mà?"

"Kọ pé kò sí àlàáfíà." Ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. "Kọ pé ọmọ mi ń bẹ̀rù mi."

"Kò sí àyè fún ìyẹn nínú ìbéèrè wa, mà."

"Kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́."

Oníbèéèrè kọ ọ́, ó gbé e wọlé. Kò pẹ́ tí ilẹ̀kùn fi ṣí, tí ìyá tó ń bá àwọn ọmọ jókòó yọjú, tó pe ọmọ. Áyọ́ọ̀nù náà dìde.

"Ọmọ nìkan, mà."

Áyọ́ọ̀nù padà jókòó. Ilẹ̀kùn tì. Nígbà tó ṣe díẹ̀, ó ń gbọ́ ohùn ọmọ rẹ̀ látinú yàrá, ó ń sọ̀rọ̀ lọ láìdúró, bí kò ṣe sọ̀rọ̀ rí nílé. Kò gbọ́ ohun tó ń sọ. Ó dùn ún dọ́kàn pé àjèjì ló ń gbọ́ ọ.

Nọ́ọ̀sì kan tó gbé àwo dání ń kọjá lọ. "Màmá, ṣé àlàáfíà ni?"

"Rárá," ni Áyọ́ọ̀nù wí.

Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì ti kọjá, nítorí ó kàn kí i ni.