Bẹ́ǹṣì Abẹ́ Máńgòrò, Lọ́jọ́ Òjò

Ọgbà ìgbafẹ́ kan wà ní Jábì, nílùú Àbújá, tí èmi àti ìyàwó mi máa ń lọ lọ́sàn-án Sátidé. Kò tóbi. Igi máńgòrò mẹ́ta, bẹ́ǹṣì onípákó díẹ̀, àti àwọn obìnrin tó ń yan ẹja. Lọ́jọ́ kan òjò ká wa mọ́bẹ̀. Gbogbo èèyàn sá, mo ní kí àwa náà máa lọ. Ó kọ̀. Ó ní kí n fi fóònù ya ibẹ̀ fún òun, pé òun kò rí i kó lẹ́wà tó báyìí rí. Mo ní omi yóò ba fóònù jẹ́. Ọ̀rọ̀ náà parí síbẹ̀. Ó ti pé ọdún méjì báyìí tó ti kú, mi ò sì tíì ya àwòrán náà.

Lóṣù tó kọjá, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba wá fi ọ̀dà pupa sàmì sí ara ìsọ̀ àwọn ẹlẹ́ja inú ọgbà. Ẹni tó bá ń gbé Àbújá mọ ohun tí ọ̀dà pupa ń sọ: katapílà ń bọ̀ wá wó ibẹ̀. Mo mọ̀ pé bí mi ò bá yà á nínú òjò ọdún yìí, mi ò ní yà á mọ́.

Mo gbé kámẹ́rà kékeré kan sí ọ́fíìsì, mo ń ṣọ́ ojú sánmà. Lọ́jọ́ Ẹtì kan, òjò ṣú bí a ṣe ń parí iṣẹ́. Mo wọ ẹ̀wù òjò, mo wọ takisí. Nígbà tí mo débẹ̀, òjò ti ń rọ̀ gan-an, ọgbà sì ṣófo. Mo dúró síwájú bẹ́ǹṣì tí a máa ń jókòó sí, mo gbé kámẹ́rà sójú.

Obìnrin ẹlẹ́ja kan gbé agbòòrùn jáde láti inú ìsọ̀ tó wà lẹ́yìn bẹ́ǹṣì náà, ó wá dúró gbọnrangandan síwájú rẹ̀.

"Ọ̀gá, abeg, no snap am o!"

"Ẹ kú òjò, mà."

"Áà! Yorùbá náà ni wọ́n tún rán láti wá wó wa?"

Mo ní kò sẹ́ni tó rán mi.

"Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó wá lóṣù tó kọjá wí. Ó ní ẹja lòun wá rà. Ó jẹ ẹ́ tán, ó fá egungun ẹ̀, ó wá fi ọ̀dà kùn wá lára. Káàdì ìjọba kọ́ ló wà lọ́rùn yín yẹn?"

Mo wo àyà mi. Káàdì ọ́fíìsì ni lóòótọ́, ó yọ síta lọ́rùn ẹ̀wù òjò. Mo gbàgbé láti bọ́ ọ. Ọkùnrin tó gbé káàdì kọ́rùn, tó ń ya ìsọ̀ nínú òjò, kí ni ìbá tún wá ṣe? Bí mo bá jẹ́ òun, èmi náà ò ní gbà.

"Bí ẹ bá máa yà á, àfi kí ẹ ya èmi náà mọ́ ọn," ló wí. "Kí ọ̀gá yín rí ojú ẹni tó fẹ́ lé."

Òjò ti fẹ́ máa dá. Mo rí i lára ewé. Nígbà tí ìyàwó mi kú, lẹ́tà ni mo fi sọ fún wọn níbi iṣẹ́. Mo ti dàgbà kí n tó mọ̀wé, síbẹ̀ ó rọ̀ mí lọ́rùn láti kọ ọ́ ju kí n sọ ọ́ lọ. Mi ò tíì fi ẹnu sọ ọ́ fún àjèjì rí.

"Ìyàwó mi ló ní kí n ya ibí fún òun," mo ní.

"Wọ́n dà?"

"Ó ti kú."

Ó wò mí, ó wo bẹ́ǹṣì. Ó bi mí bóyá àwa méjèèjì la jọ máa ń wá. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ní Sátidé. Mo rí i pé ó ń gbìyànjú láti rántí ojú ìyàwó mi. Kò rántí. Àwọn tó ń jẹ ẹja níbẹ̀ pọ̀.

"Ẹ kú aráfẹ́rakù," ló wí, ó sì yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo yà á kí òjò tó dá. Méjì kò dára. Ọ̀kan jáde: omi ń kán láti ara ewé sórí pákó, ilẹ̀ ń dán.

Ó ní kí n jẹ́ kí òun rí i. Ó wò ó pẹ́.

"Ó mà dáa o, bàbá. Ṣùgbọ́n kò séèyàn níbẹ̀. Ẹ lọ jókòó, kí n ya ẹ̀yin náà."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní kó má ṣèyọnu, èmi kọ́ ni ìyàwó mi ní kí n yà.