Awun Tó Dì Mọ́ Sùtánà Mi

Nígbà èwe mi n'Íjẹ̀bú, ìgèrè, apẹ̀rẹ̀ tí a fi ń dẹ ẹja, ni mo fi ń mú awun lódò. Yunifásítì ni ò jẹ́ kí n sọ ọ́ diṣẹ́. Nígbà tí awun kan wá ń gé pẹ́pẹ́yẹ jẹ ní adágún Parsloes nílùú Òyìnbó níbí, mo ní màá mú un.

Ìyàwó mi rẹ́rìn-ín. “Bàbá, ẹ̀yin tí ẹ ò rí eku ilé ìdáná mú!”

Bí a ṣe ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, mo fi ṣàkì tí ìyàwó mi fẹ́ fi se ọbẹ̀ ṣe ìdẹ sínú apẹ̀rẹ̀ aṣọ ìdọ̀tí, mo sì wọ omi tòun ti sùtánà, láìwọ bàtà, bí ìṣe ìjọ wa. Awun ò tilẹ̀ wo ṣàkì. Etí sùtánà mi ló gé mú, kò sì fi sílẹ̀ títí mo fi wọ́ ọ gòkè.

Ìyàwó mi ní, “Bàbá, ta ló wá mú ta?”

“Gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì wá ná,” ni mo wí. “Ẹni tó bá wọ inú rẹ̀ la mú.”